Ọ̀gá Tún-un-Kí àti Ìkànnì Ilé-iṣẹ́ Omi

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó, ẹ sún díẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè ráàyè. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ, ẹni tí oyè rẹ̀ gùn ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ilé-iṣẹ́ omi ìlú, ní àjà kẹta, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti máa ń kán omi sínú garawa kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ni ọ́fíìsì ọkùnrin náà wà. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé tọ̀ ọ́, tó tẹrí ba, tó ní, “Ẹ káàárọ̀, sà,” ọ̀gá kò ní dáhùn. Yóò di ojú, yóò na ìka kan sókè bí ẹni tó ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, yóò wá sọ pé, “Tún un kí.” Onítọ̀hún yóò fa èémí sínú, yóò tún un kí: “Ẹ káàárọ̀, Ọlọ́lá Jùlọ, Olùdarí Àgbà fún Ìròyìn, Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú Ọ̀rọ̀ Omi, Òpómúléró Ilé-iṣẹ́, Ìmọ́lẹ̀ Àjà Kẹta, sà!” Ìgbà náà ni ọ̀gá yóò lajú, tí yóò sì ní, “Ẹn-ẹ́n. Kí lo fẹ́?” Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ti máa ń gbàgbé ohun tí wọ́n bá wá.

Ti Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì ni ó lọ, ó sì sùn ní ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀gá Tún-un-Kí ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Níwájú rẹ̀, ẹni tó mọ orúkọ oyè rẹ̀ pè jù lọ ni akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí orí mímì ti mọ́ lọ́rùn. Bí ọ̀gá bá ní òjò ń rọ̀, akọ̀wé á nu ojú, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn yòò níta. “Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà,” ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ní àárọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹnì kan ṣoṣo láyé ni kò mọ oyè kankan. Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá obìnrin ni, òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Àdúgbò tó wà nísàlẹ̀ afárá ló ń gbé. Òun á pè é lórí fóònù lọ́sàn-án, á ní, “Àbúrò, ṣé o ti jẹun?” Ọ̀gá á sì sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí akọ̀wé má baà gbọ́ pé ẹnì kan wà tí òun náà wà lábẹ́ rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ yìí ní ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ìkànnì afẹ́. Ibẹ̀ ni ará ìlú ti ń wo ọjọ́ tí omi máa dé àdúgbò wọn, ibi tí páìpù ti bẹ́, àti ìgbà tí omi kò bá dára fún mímu. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Ìkànnì ló ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ètò tí ìkànnì náà fi ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó tà á fún wọn. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló jọ kọ ọ́, bí ìgbà tí wọ́n ń fi ọ̀wẹ̀ kọ́lé: tibí gbé òkúta, tọ̀hún po amọ̀. Wọ́n ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá fẹ́ lè wò ó, ẹni tó bá rí àlébù níbẹ̀ lè tún un ṣe, kó sì fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí àwọn yòókù. Àǹtí Ìkànnì wà lára wọn. Òun ló tú gbogbo ọ̀rọ̀ inú ètò náà sí èdè wa, láwọn ọjọ́ Sátidé, nígbà tí aṣọ rẹ̀ bá ń gbẹ lórí okùn.

Lọ́sẹ̀ tí ọ̀gá gba ipò, ó ní kí Àǹtí Ìkànnì wá fi ìkànnì náà han òun. Obìnrin náà gbé kọ̀ǹpútà wá, ó tún un kí bó ṣe yẹ, ó sì fi hàn án.

“Ta ló ni í?” ni ọ̀gá bi í.

“Gbogbo wa ni, sà. Gbogbo ẹni tó ń lò ó. Ọ̀fẹ́ ni.”

Ọ̀rọ̀ náà bà lé ọ̀gá létí bí eṣinṣin. “Ọ̀fẹ́! Èmi, kí n máa jókòó lórí ohun ọ̀fẹ́! Akọ̀wé!”

“Sà!”

“Kí ni wọ́n ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ láyé yìí?”

Akọ̀wé ronú jinlẹ̀. “Atẹ́gùn, sà. Àti ìmọ̀ràn.”

“Ṣé o rí i?”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà.”

Ọ̀gá tún rí ìlà kékeré kan nísàlẹ̀ ojú-ìwé, níbi tí Àǹtí Ìkànnì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó jọ kọ ètò náà. Ó ní kí wọ́n pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n kọ síbẹ̀ pé, *Láti inú ọgbọ́n Ọlọ́lá Jùlọ*. Ó ní kí wọ́n gbé fọ́tò òun sókè pátápátá, èyí tí òun fi ọwọ́ gbá àgbọ̀n mú tí òun ń wo òkèèrè.

“Sà,” ni Àǹtí Ìkànnì wí, “fọ́tò yẹn á wúwo jù. Fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn kò lágbára.”

“Kí wọ́n lọ ra fóònù tó lè gbé mi.”

Lábẹ́ fọ́tò ni wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ ọ̀gá sí, ìpínrọ̀ mọ́kànlélógójì, tí wọ́n pè ní “Èmi àti Omi: Ìrìn-àjò Akọni.” Lábẹ́ èyí gan-an ni ọjọ́ tí omi ń bọ̀ wà. Aránṣọ kan nísàlẹ̀ afárá pe ilé-iṣẹ́, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi máa yọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń fi ìka fa nǹkan yìí sókè, àgbọ̀n ọ̀gá yín ni mo ṣì ń wò.”

Ọ̀gá kò dúró síbẹ̀. Ó ní ó yẹ kí àwọn tó kọ ètò náà mọ irú èèyàn tó ń lò ó. Àwọn tó ń sọ èdè wa nínú ẹgbẹ́ náà ní gbàgede kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, tí ẹni tó bá ní ìṣòro ti ń béèrè. Ibẹ̀ ni ọ̀gá kọ̀wé sí. Akọ̀wé ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá ń rìn síwá-sẹ́yìn lórí kápẹ́ẹ̀tì.

“Sí Ọ̀gá Pátápátá Ètò Yìí. Ẹ dìde kí ẹ tó kà á. Èmi, tí mo fi ọwọ́ mi méjèèjì darí omi bí olùṣọ́ ṣe ń darí àgùntàn, mo ti fi ojú àánú wo ètò yín, mo sì ti gbà láti máa lò ó. Láti òní lọ, ẹ máa fi orúkọ mi ṣáájú orúkọ gbogbo yín. Mo ń retí ìwé ọpẹ́.”

Kí ó tó mu omi inú ife rẹ̀ tán, èsì dé:

“Ẹ káàbọ̀ o! Inú wa dùn pé ẹ ń lo ètò yìí. A ò ní ọ̀gá pátápátá níbí. Ẹni tó bá ráàyè lọ́jọ́ náà ló ń dáhùn. Ṣé ìṣòro kan wà ni? Tí ẹ bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, àwọn ojú-ìwé kan wà tó nílò àtúnkà. Ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni Ológbò Dúdú.”

“Ológbò!” Ọ̀gá dì mọ́ àga. “Mo kọ̀wé sí gbogbo àgbáyé, ológbò ló dá mi lóhùn!”

“Dúdú sì tún ni, sà,” ni akọ̀wé fi kún un.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá ti kórìíra ẹgbẹ́ náà àti gbogbo ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Inú ìbínú yìí ni wàhálà gidi ti bẹ̀rẹ̀.

Lóṣù kejì, Àǹtí Ìkànnì sáré gun àtẹ̀gùn wá. “Sà, àwọn ẹgbẹ́ ti rí ihò kan nínú ètò náà. Olè lè gba ibẹ̀ wọlé. Wọ́n ti dí i, wọ́n sì ti fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa gbà mí.”

“Ihò? Nínú ohun tí èmi ń darí?”

“Nínú ti gbogbo ẹni tó ń lò ó ni, sà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ilé ṣe ń jò náà ni. Ẹni tó bá tètè gun òrùlé ni kì í tutù.”

“Bí mo bá fọwọ́ sí àtúnṣe, kí ni ayé máa wí? Wọ́n á ní nǹkan bàjẹ́ lábẹ́ mi. Nǹkan kì í bàjẹ́ lábẹ́ mi!”

Lásìkò yẹn gan-an ni garawa abẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù kún àkúnwọ́sílẹ̀, tí omi sì ṣàn dé abẹ́ bàtà rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní kí Àǹtí Ìkànnì kọ̀wé béèrè, kí ó ṣe é ní ẹ̀dà mẹ́ta.

Ó kọ ọ́. Ìwé àkọ́kọ́ padà wá nítorí pé oyè mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. Ìkejì padà wá nítorí pé Òpómúléró ṣáájú Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìkẹta dára, àmọ́ yíǹkì rẹ̀ jẹ́ búlúù, ọ̀gá sì ní dúdú ni àwọ̀ ọlá. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ti lọ, ihò náà ṣì là sílẹ̀ bí ẹnu ẹni tó ń hanrun.

Nígbà tí Àǹtí Ìkànnì gbé ìwé ìkẹrin wá, ọ̀gá wò ó láti òkè délẹ̀. “Ìwọ obìnrin yìí, kí ló ń jẹ́ kí o máa yọ mí lẹ́nu tó báyìí?”

“Nítorí èmi ni mo ní ọ̀rọ̀ aṣínà, sà. Ọ̀rọ̀ tá a fi ń ṣí ìkànnì kí a tó lè yí nǹkan kan níbẹ̀ padà.”

“O ní kọ́kọ́rọ́ tí èmi ò ní?” Ohùn ọ̀gá lọ sílẹ̀, ìgbà tó bá lọ sílẹ̀ ló léwu jù. “Láti òní lọ, èmi nìkan ni màá máa mọ̀ ọ́n.”

“Sà, ẹ̀yin lẹ ni ilé-iṣẹ́, ẹ lè gbà á. Ṣùgbọ́n ó kéré tán kí ẹni méjì mọ̀ ọ́n. Àwa èèyàn, a máa ń gbàgbé, a máa ń ṣàìsàn.”

“Oòrùn mélòó ló wà lójú ọ̀run?”

“Ọ̀kan ni, sà.”

“Ṣé ó ti gbàgbé àtiyọ rí?”

Bí wọ́n ṣe ní kí gbogbo èèyàn jáde nìyẹn. Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun. Gbogbo oyè rẹ̀ ni, láti orí dé ìdí, láìfi àyè sílẹ̀. Ó gbà á ní ìdajì wákàtí. Ó tún gba kọ́kọ́rọ́ yàrá àjà kìíní, níbi tí ẹ̀rọ tó gbé ìkànnì náà wà, ó sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Wọ́n wá gbé Àǹtí Ìkànnì lọ sí yàrá àwọn mítà tó ti bàjẹ́, pé kó máa kà wọ́n. Ó kà wọ́n. Ọ̀rìnlélẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni wọ́n. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní kó tún wọn kà.

Kò pẹ́ tí àwọn kọngílá kan tí ìwé iṣẹ́ tí wọ́n ń wá wà lórí tábìlì ọ̀gá fi pàdé láàárín ara wọn, wọ́n sì fi oyè tuntun dá a lọ́lá: Baba Ìkànnì Àgbáyé. Wọ́n gbẹ́ ẹ sára pákó dídán. Ọ̀gá sọkún ayọ̀. Ó padà sí ọ́fíìsì, ó yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà kí oyè tuntun lè wà láàárín àwọn yòókù. Ibi tó fi í sí gan-an, òun nìkan ló mọ̀. Lọ́jọ́ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, àwọn tó ṣí ìkànnì ilé-iṣẹ́ omi bá ọṣẹ níbẹ̀. Olè ti gba ihò wọlé. Ọ̀rọ̀ omi ti pòórá, ọjọ́ omi ti pòórá, ìrìn-àjò akọni pàápàá ti pòórá. Fọ́tò ọ̀gá nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, nítorí apárí rẹ̀ wúlò fún wọn. Wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, KÍ Ó TÓ LO ỌṢẸ AMÚRUNHÙ WA. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin kan wà tí irun orí rẹ̀ dí bí igbó. Wọ́n kọ sábẹ́ tiẹ̀ pé, LẸ́YÌN ỌJỌ́ MÉJE.

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ rí i. Ó wọlé, ó kí ọ̀gá, ó sì wá ọ̀rọ̀ tí kò ní í pa á lára. “Sà, àwọn tó ń wò yín lórí ìkànnì ti pọ̀ sí i.”

“Báwo ló ṣe pọ̀ tó?”

“Ìlọ́po ogún, sà.”

Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé ohun mímu tútù wá. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ilé-iṣẹ́ mìíràn ń fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀: “Ọlọ́lá Jùlọ, mo ti rí yín! Ṣé ó ti ń hù?”

“Ó ń hù!” ni ọ̀gá dáhùn, tó rò pé òkìkí òun ni wọ́n ń béèrè. “Ó ń hù, ó ń gbilẹ̀! Kó tó di ọdún tó ń bọ̀, á ti bo gbogbo ilẹ̀!”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ kí ẹ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn níbí, nítorí ibi tá a ń lọ kì í ṣe ibi ẹ̀rín.

Àǹtí Ìkànnì rí i láti yàrá mítà, ó sáré gun òkè. Akọ̀wé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọ̀gá ń gba àlejò. Obìnrin náà kọ ọ́ sórí pépà pé olè ti wọ ìkànnì, ó fi lé akọ̀wé lọ́wọ́. Akọ̀wé wo pépà náà, kò rí oyè kankan lórí rẹ̀, ó sì ká a sínú àpò. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, ọṣẹ ni wọ́n ṣì ń tà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, páìpù ńlá kan bẹ́ nísàlẹ̀ afárá, omi gọ́tà sì wọnú rẹ̀. Obìnrin tó ń yẹ omi wò rí i nínú ìgò rẹ̀ kó tó di aago mẹ́wàá. Ó kọ ìkéde: kí àwọn ará àdúgbò ìsàlẹ̀ afárá má mu omi ẹ̀rọ àyàfi tí wọ́n bá sè é. Nígbà tí ayé ṣì gún, Àǹtí Ìkànnì ni ì bá gbé e fún, kí ife tíì tó tutù, gbogbo àdúgbò ì bá ti mọ̀. Báyìí, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló ní láti gbé e lọ.

Ọ̀gá fa kọ̀ǹpútà mọ́ra tìgbéraga-tìgbéraga. Ó ṣí ìkànnì. Ó wò ó. Ó mú awò ojú rẹ̀ kúrò, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

“Akọ̀wé. Ta nìyí?”

“Ẹ̀yin ni, sà. Kí ẹ tó lò ó.”

Òógùn bo ọ̀gá. Ó tẹ oyè rẹ̀ gbogbo, láti Ọlọ́lá títí dé Ìmọ́lẹ̀, pẹ̀lú Baba Ìkànnì láàárín. Ẹ̀rọ ní kì í ṣe òun. Ó gbé Baba Ìkànnì ṣáájú. Kì í ṣe òun. Ó gbé e gbẹ̀yìn. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ẹ̀rọ tilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó ní kó lọ simi ná.

“Sà, ìkéde náà ńkọ́?” ni obìnrin ayẹ-omi-wò bi í.

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ì bá sọ. Ì bá ní, “Ẹ bá mi pe Àǹtí Ìkànnì.” Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo akọ̀wé, ó wo pákó dídán tó wà lára ògiri, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. “Yóò jáde lọ́la,” ló wí. “Irú ìkéde báyìí ń fẹ́ ìmúrasílẹ̀.”

Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ènìyàn mẹ́rìnlélógójì ti wà ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń bì, wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru.

Alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-iṣẹ́ náà dé ní aago mẹ́jọ. Ọgbọ̀n ọdún ni obìnrin náà fi ṣe agbẹ̀bí kó tó di alága, irú wọn kì í sì í dúró gbọ́ ìkíni. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé. Obìnrin ayẹ-omi-wò tẹ̀ lé e.

“Kí ló dé tí ìkéde àná kò jáde?”

Ọ̀gá dìde, ó gbá àgbọ̀n mú. “Alága, nínú ìtàn ọmọ aráyé, omi àti ìròyìn—”

“Ṣí ìkànnì yẹn kí n rí i.”

Ọ̀gá jókòó. Ó tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe òun. Alága bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ohun tó ń tẹ̀.

“Kí lò ń kọ gbọọrọ yìí?”

“Ọ̀rọ̀ aṣínà ni, mà. Oyè mi ni.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Ẹ ní sùúrù, mà. Mo rò pé Òpómúléró ló tẹ̀ lé e.” Ó kọjú sí akọ̀wé bí ẹni tó ń rì. “Akọ̀wé! Ìwọ lo ń kí mi lójoojúmọ́. Kí ló tẹ̀ lé Ọ̀jọ̀gbọ́n?”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, akọ̀wé kò mi orí. “Sà, tí ẹ bá ti dijú, mo máa ń fo àwọn kan ni.”

Fóònù ọ̀gá dún. Kò ráàyè sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aránṣọ ìsàlẹ̀ afárá ló ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ń jáde ketekete: “Ṣé àbúrò màmá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa nìyí? A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn dé ilé ìwòsàn ni. Wọn ò lè dìde. Mo ní kí wọ́n má mu omi àná, ó ń rùn. Wọ́n ní bí omi bá bàjẹ́, àbúrò àwọn á ti sọ ọ́ lórí ìkànnì. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò rí ìkìlọ̀ kankan, kí wọ́n tó mu ún.”

Omi ń kán sínú garawa.

Ọ̀gá gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. “Mi ò mọ̀ ọ́n,” ló wí. “Mi ò rántí rẹ̀. Àná ni mo ti mọ̀ pé mi ò rántí rẹ̀.”

“Ta ló lè tún un ṣe?” ni alága bi í.

“Àǹtí Ìkànnì. Ó wà nísàlẹ̀, ó ń ka mítà.” Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ lé alága lọ́wọ́. Ó ń mi ẹsẹ̀, ó fẹ́ máa lọ sí ilé ìwòsàn.

“Dúró,” ni alága wí. “Dókítà ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ. Àwọn tó kù nísàlẹ̀ afárá kò tíì mọ̀, wọ́n sì ń pọn omi lọ́wọ́ báyìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ohùn tìẹ ló ròkè jù nílé-iṣẹ́ yìí.” Ó gbé gbohùngbohùn alágbèéká fún un.

Bí Ọlọ́lá Jùlọ ṣe dé ìsàlẹ̀ afárá nìyẹn, nínú oòrùn, láàárín òpópónà, tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. Ahọ́n tó ti mọ́ nǹkan lára kì í tètè gbàgbé. “Èmi, Olùdarí Àgbà—”

Obìnrin kan yọjú lójú fèrèsé. “Ẹ wá wò ó o! Bàbá ọlọ́ṣẹ ti dé!” Àwọn ọmọdé sáré jáde. “Bàbá ọlọ́ṣẹ! Bàbá ọlọ́ṣẹ!” Ẹ̀rín gba òpópónà kan. Ọ̀gá rí i pé nínú àwọn ọmọ náà, ọ̀kan gbé ife omi dání, ó fẹ́ gbé e sẹ́nu.

“Dà á nù!” ni ó kígbe. “Ẹ má mu omi ẹ̀rọ! Ẹ gbọ́, ó ti bàjẹ́! Ẹ sè é kí ẹ tó mu ún! Èmi ni mo yẹ kí n ti sọ fún yín lánàá, mi ò sọ ọ́! Ẹ dà á nù!”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ náà da ife dojú dé. Ọ̀gá bọ́ sí òpópónà kejì, ó sọ ọ́ bákan náà, títí ohùn rẹ̀ fi há pátápátá, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn àwọn èèyàn, tó ń fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe ìkòkò lórí iná.

Ní àjà kìíní, Àǹtí Ìkànnì ti jókòó sí iwájú ẹ̀rọ tó gbé ìkànnì, ibi tó ti lè wọlé láìlo ọ̀rọ̀ aṣínà. Ó ti kọ̀wé sí gbàgede ẹgbẹ́ pé, “Ẹ gbà mí, omi ti bàjẹ́, ìkànnì wà lọ́wọ́ olè.” Kò pẹ́ tí Ológbò Dúdú fi pè é. Arúgbó obìnrin kan ni, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ ń dún bíi ti ẹni tó ṣì mú pátákó kíkọ lọ́wọ́. “Má gbọ̀n, ọmọ mi. Kọ́kọ́ gbé ojú-ìwé kan ṣoṣo jáde, kí o kọ ìkéde sí i. Ẹ̀ṣọ́ tó kù di ọ̀la.” Ẹni kejì láti ìlú òkèèrè ń bá wọn wá ibi tí olè sá pamọ́ sí nínú ètò, ẹni kẹta ń bá wọn dí ihò. Kò sẹ́ni tó mọ ẹnì kejì lójú nínú wọn. Kò tó wákàtí kan tí ọṣẹ fi lọ, tí ọ̀rọ̀ méje péré sì wà lórí ìkànnì, gàdàgbà: *Ẹ má mu omi ẹ̀rọ láìsè é.*

Kò sẹ́ni tó kú. Ọmọ oṣù mẹ́fà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ, àmọ́ ó padà. Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá lo ọjọ́ márùn-ún lórí ibùsùn.

Ìgbìmọ̀ jókòó. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ ọ̀gá, wọ́n ní láti ọjọ́ Ajé, kó máa jókòó nídìí tábìlì tó wà nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹjọ́ àwọn ará ìlú. Wọ́n gbé àga rẹ̀ fún Àǹtí Ìkànnì, ó ní rárá. Ó ní ohun tí òun ń fẹ́ ni kí wọ́n fún òun ní èèyàn mẹ́ta tí òun máa kọ́ ní gbogbo ohun tí òun mọ̀, kí ìkànnì má baà tún wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo mọ́, ìbáà jẹ́ òun fúnra òun. Wọ́n fún un. Ní oṣù kẹta ó lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́sàn-án, kò sì sẹ́ni tó pè é. Akọ̀wé ti wà lọ́dọ̀ olùdarí tuntun, obìnrin ni, ó sì ti kọ́ láti máa sọ pé, “Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, mà.”

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ Ajé tí iṣẹ́ ìsàlẹ̀ náà máa bẹ̀rẹ̀ ni ọkùnrin náà lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá a nínú ilé ìdáná lórí àpótí, ó ti rù, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó jókòó tì í.

“Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo fẹ́ pa yín.”

“Mo ti gbọ́.” Kò gbójú sókè. “Mo bínú títí, ó rẹ̀ mí. Kí ni wọ́n wá fi ọ́ ṣe níbẹ̀?”

“Wọ́n ní kí n máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn èèyàn.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé àwo ẹ̀wà kúrò lórí ẹsẹ̀. “Wọ́n ní kí o máa gbọ́ ọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ó dáa. Mú bíírò kan jáde.” Ó tọ́ka sí ẹ̀rọ omi tó wà lára ògiri. “Èyí tí ẹ wá so síbí yìí, ìdí rẹ̀ ti là. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín, kò sẹ́ni tó wá wò ó.”

Ọkùnrin náà wá bíírò nínú àpò. Kò rí ìwé, ó fa etí àpò búrẹ́dì kan ya, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ibi tó là, ó kọ bí ó ṣe gùn tó. Ó bi í léèrè àsìkò tí omi ń jò jù, ó kọ ìyẹn náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na ọrùn, ó ń wo ohun tó kọ.

“Fi oṣù mẹ́jọ yẹn sí i,” ló wí. “Má fò ó.”

Ó fi í sí i.